Kílò ewúrẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ kílò màlúù

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹran ni mò ń ṣe ní láàbù kan n'Ìbàdàn. Àwọn tó ń gbé ẹran wá máa ń pè wá ní dókítà, àwa náà kì í sì í bá wọn jiyàn, àmọ́ iṣẹ́ tiwa kò ju ká gba ẹ̀jẹ̀, ká tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, ká kà á, ká sì kọ ohun tí a rí fún dókítà gan-an. Oríṣiríṣi ẹran ló ń wọlé: màlúù Fúlàní funfun, ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa, àgùntàn, ajá olówó gọbọi, adìẹ, ehoro, títí kan ọ̀yà tí àwọn èèyàn ń sìn báyìí. Ẹni tó bá ń fọwọ́ kan gbogbo ìwọ̀nyí, kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ̀ pé ara ẹran kékeré kì í sinmi.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọkàn wọn ná. Ti màlúù ń lù wọ́ọ́rọ́wọ́, bíi 60 sí 70 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan; èèyàn á kà á láìkánjú. Ti ewúrẹ́ yá jù ú lọ díẹ̀. Tó bá kan adìẹ, etí ò lè bá a mọ́, torí ó lè tó 300. Eku ilé lásán ń kọjá 500, bẹ́ẹ̀ ti erin kò ju nǹkan bí 30 lọ. Bí ẹ bá wá fi iye ọdún tí ẹran kọ̀ọ̀kan ń lò láyé ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé eku tó lo ọdún méjì sí mẹ́ta àti erin tó lo ọgọ́ta ọdún, iye ìgbà tí ọkàn àwọn méjèèjì lù kí wọ́n tó kú kò jìnnà síra: ó sún mọ́ bílíọ̀nù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Àwa èèyàn ló ba ìṣirò náà jẹ́, nítorí tiwa ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Èmi gbà pé omi tó mọ́, oògùn àti oúnjẹ tí kì í wọ́n wa pátápátá wà lára ohun tó fà á, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ohun tí ọkàn ń sáré tọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Gbogbo ẹran abẹ̀mí ló ń jó oúnjẹ nínú ara rẹ̀, ọ́síjìn tó ń mí sínú ló sì fi ń jó o. Ọkàn ló ń gbé ọ́síjìn náà kiri. Ẹran tó bá ń jó oúnjẹ kíákíá, ọkàn rẹ̀ kò lè jókòó. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, kí ló dé tí kílò kan lára eku fi ń jó oúnjẹ ju kílò kan lára erin lọ?

Ẹni àkọ́kọ́ tó wọn ọ̀rọ̀ yìí dáadáa ni Max Rubner ní Jámánì. Ní 1883, ó wọn bí àwọn ajá ńlá àti ajá kékeré ṣe ń jó oúnjẹ, ó sì rí i pé kílò ajá kékeré ń jó ju kílò ajá ńlá lọ, àti pé bí ojú ara wọn ṣe fẹ̀ tó ni ìjóná náà ń tẹ̀ lé. Ìdí tí ó fún wa rọrùn láti gbà. Òkèlè ẹ̀bà kan tí ẹ bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ á ti tutù kí odidi ẹ̀bà inú abọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí pé òkèlè náà ní ojú púpọ̀ tí ooru lè gbà jáde bí ẹ bá fi wé inú rẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà wò ó: àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ 1, ojú rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 6, inú rẹ̀ sì jẹ́ 1. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di 2, ojú á di 24, inú á di 8. Inú ti fi ojú sílẹ̀. Ẹran kékeré ń pàdánù ooru láti gbogbo ara, ó sì gbọ́dọ̀ máa dáná lemọ́lemọ́.

Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò pé. Max Kleiber, ọmọ Swítsàlandì tó lọ ṣiṣẹ́ ní Davis ní Califọ́níà, kó ìwọ̀n oríṣiríṣi ẹran jọ ní 1932, láti orí ẹran kéékèèké títí dé màlúù. Bó bá jẹ́ ojú ara nìkan ló ń darí ọ̀rọ̀ náà, ẹran tó fi ìlọ́po 1,000 wúwo ju òmíràn lọ yẹ kó jó oúnjẹ ní ìlọ́po 100 péré. Kì í ṣe ohun tí ó rí nìyẹn. Ìlà tí Kleiber fà láti fi ìwọ̀n ara wé ìjóná ń mú nǹkan bí ìlọ́po 178 jáde. Ọ̀nà kan tó yá láti rántí rẹ̀ ni pé, ẹran tó bá wúwo ní ìlọ́po 16, ìlọ́po 8 ló ń jó. Ẹran tó bá wúwo ní ìlọ́po 10,000, ìlọ́po 1,000 ló ń jó. Ìlà yìí ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jà lé lórí títí di òní. Ní 1997, Geoffrey West, James Brown àti Brian Enquist sọ pé bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pín sí ẹ̀ka kéékèèké títí dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ègé tíntìntín tí wọ́n fi kọ́ ara, ló fà á. Àwọn mìíràn sọ pé rárá, kì í ṣe nọ́ńbà kan ṣoṣo ló bá gbogbo ẹran mu.

Èmi kì í bá wọn dá sí ìjà náà. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ Kleiber ni pé ó wúlò lọ́jà. Alhaji kan wà tó ń ta màlúù, tó sì máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ẹran rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sin ewúrẹ́, ó sì ń sọ fún mi pé oúnjẹ wọn kò lè tó nǹkan. "Ewúrẹ́ lásán-làsàn! Kí ni wọ́n fẹ́ jẹ?"

Mo ní, "Alhaji, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ewúrẹ́ 16, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 25, gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 400, àbí?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Màlúù yín kan ṣoṣo tó jẹ́ kílò 400 ńkọ́? Tí gbogbo wọn bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, àwọn ewúrẹ́ yẹn á jó ìlọ́po méjì ohun tí màlúù kan yẹn ń jó."

Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ ta nǹkan fún un. A fi ìwé ṣe é. Lójú ìlà Kleiber, màlúù kílò 400 ń lo nǹkan bí 6,260 kálórì lóòjọ́ tí kò bá ṣe nǹkan kan, ìyẹn bíi kálórì 16 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ewúrẹ́ kílò 25 ń lo bíi 780, tí ó jẹ́ 31 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Eku tí kò ju gíráàmù 25 lọ, kálórì mẹ́rin ó lé díẹ̀ ni gbogbo tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó irú rẹ̀ jọ títí tí yóò fi pé kílò kan, ó kọjá 170. Erin kílò 4,000 kò tó 9 fún kílò kan. Kálórì tí mò ń wí níhìn-ín ni irú èyí tí wọ́n ń kọ sára páálí oúnjẹ. Alhaji ṣì ra ewúrẹ́ o, torí ewúrẹ́ ń bímọ méjì-méjì, ó sì tètè ń dàgbà, ìyẹn náà wà nínú ọ̀rọ̀ ara tí kì í sinmi. Ṣùgbọ́n ó ra koríko gbígbẹ àti èèpo ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ kó tó kó wọn dé.

Òròmọdìẹ ló ń fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò ju nǹkan bíi gíráàmù 40 lọ. Ìyẹ́ rẹ̀ kò tíì hù dáadáa, ara rẹ̀ kò sì tíì mọ bó ṣe ń mú ooru dúró. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sin adìẹ fi ń mú kí yàrá wọn wà ní nǹkan bíi 32 sí 35 digirí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí wọ́n á sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí iná bá lọ lóru, tí kò sí ìkòkò eléèédú nítòsí, wọ́n á gun ara wọn lórí. Aládùúgbò wa kan tó ń sìn wọ́n máa ń ké sí mi: "Ẹ bá mi wò ó, Bùọ̀dá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni o, wọ́n tún ti ń ké!" Kò sí àrùn níbẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n jẹ ló ń di ooru, ooru náà sì ń bá ojú ara lọ. Ẹja àrọ̀ náà ń tẹ̀ lé irú ìlànà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í dáná láti mú ara rẹ̀ gbóná: ọmọ ẹja lè jẹ oúnjẹ tó tó ìdá mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́, nígbà tí èyí tó ti tó tà kò ju ìdá méjì sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹja yẹn nìkan tó láti mọ̀ pé àlàyé ooru tí Rubner ṣe kò lè jẹ́ gbogbo ìdí. Ẹja kò ní ooru tó ń pàdánù.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí erin kan ní Oklahoma City ní Amẹ́ríkà ní 1962. Tusko ni orúkọ rẹ̀. Àwọn olùwádìí, Louis Jolyon West àti Chester Pierce pẹ̀lú ẹnì kan sí i, fẹ́ mọ̀ bóyá LSD, oògùn tó ń mú èèyàn rí ohun tí kò sí, lè fa irú wèrè tó máa ń mú akọ erin. Wọ́n mọ iye tó ń mú ológbò bínú. Wọ́n fi kílò sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n sì yìn ín sí i lára: mílígíráàmù 297. Láàárín ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, erin náà ṣubú. Kò tó wákàtí méjì tó fi kú. Àwọn kan sọ pé àwọn oògùn tí wọ́n tún fún un láti fi gbà á là wà lára ohun tó pa á, ó sì ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ìṣirò àkọ́kọ́ yẹn fúnra rẹ̀ ti kọjá ààlà, nítorí kílò erin kì í tètè lo oògùn tán bíi kílò ológbò. Kò sí ọ̀kan nínú àwa tó ń bá oògùn ẹran ṣe tí kò yẹ kó mọ ìtàn yìí.

Níbi tí mo ti wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà jìn ju ìwọ̀n ara lọ ni abẹ́ máíkírósíkópù. Ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ ń ya ọmọṣẹ́ tuntun lẹ́nu. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tiwa èèyàn fẹ̀ tó máíkírómítà 7 sí 8 (ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló wà nínú mílímítà kan). Ti màlúù tó bíi 5 àbọ̀. Ti ewúrẹ́ kò ju 3 àti díẹ̀ lọ! Ó kéré débi pé tí a bá fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún kíka ẹ̀jẹ̀ èèyàn, ẹ̀rọ náà lè kà á mọ́ àwọn ègé wẹ́wẹ́ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Tí a bá sì fẹ́ yí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ kí sẹ́ẹ̀lì lè rọ̀ sísàlẹ̀, ká lè mọ ìdá tí wọ́n jẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń fẹ́ àkókò ju ti ẹran mìíràn lọ, torí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kì í fẹ́ ki pọ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa pé kí wọ́n má gbàgbé láti sún àkókò ẹ̀rọ síwájú fún ewúrẹ́, kí wọ́n má bàa kọ nọ́ńbà tó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ti adìẹ tún wá yàtọ̀ pátápátá: ó gùn bí ẹyin, ó sì ní kóró nínú, èyí tí ti ewúrẹ́ àti èèyàn kò ní.

Ẹni tó bá rí èyí, ohun tí ọkàn rẹ̀ máa ń lọ bá ni pé ewúrẹ́ kéré, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré, ó sì ń jó oúnjẹ kíákíá. Màlúù tóbi, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tóbi, ó sì ń jó jẹ́jẹ́. Ó dùn ún gbọ́. Eku ló máa ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa eku tó bíi máíkírómítà 6, ìyẹn fẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti ewúrẹ́. Ti erin tó bíi 9, kò sì ju tiwa lọ púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjànàkú kì í ṣe ẹgbẹ́ wa. Nítorí náà, kì í ṣe ìwọ̀n ara ló ń pinnu bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe tóbi tó. Ìran tí ẹran ti wá ló ń sọ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Van Savage àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tú ọ̀rọ̀ yìí ká ní 2007. Wọ́n kó ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì oríṣiríṣi láti ara ọ̀pọ̀ ẹran afọ́mọlọ́mú jọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tètè pààrọ̀ ara wọn, irú bíi ti ẹ̀jẹ̀, kò tẹ̀ lé ìwọ̀n ara. Àmọ́ àwọn tó ń pẹ́ lára, bíi ti iṣan ọpọlọ àti ti ọ̀rá, ń tóbi bí ẹran náà bá tóbi. Ìyẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ tí èmi ń wò lójoojúmọ́ ni ibi tí a kò ti lè rí ìdáhùn náà. Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Kí ló wá dé tí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe tóbi tó fi kan bí ara ṣe ń jó oúnjẹ rárá? Awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì ni. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kì í simi lórí lílé sódíọ̀mù jáde àti fífa pọtásíọ̀mù wọlé, àwọn èròjà iyọ̀ méjì tó wà nínú omi ara. Awọ náà ń jò, ẹ̀rọ tó wà lára rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa gbọ́n ohun tó jò síta lọ́sàn-án àti lóru. Iṣẹ́ yìí nìkan ń jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo agbára tí ẹran ń lò nígbà tó bá ń sinmi. Ìṣirò àpótí òkè yẹn tún padà wá níhìn-ín: tí a bá pín ẹran kílò kan sí sẹ́ẹ̀lì kéékèèké, awọ tó wà nínú rẹ̀ lápapọ̀ á pọ̀, gbígbọ́n á pọ̀, ìnáwó á sì pọ̀. Tí a bá pín in sí sẹ́ẹ̀lì ńláńlá, ìnáwó á dín kù.

Jan Kozłowski àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pólándì gbé èyí síwájú ní 2003. Bí ẹran kan bá tóbi nítorí pé iye sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pọ̀ sí i nìkan, tí sẹ́ẹ̀lì náà kò tóbi sí i, ìlọ́po ìwúwo ni ìlọ́po ìjóná. Kílò á jẹ́ ẹgbẹ́ kílò. Bó bá jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì nìkan ló tóbi sí i, ìjóná á tẹ̀ lé ojú awọ, á sì já sí nọ́ńbà Rubner, ìlọ́po 100 fún ìlọ́po 1,000. Ọ̀pọ̀ ẹran ń ṣe díẹ̀ nínú méjèèjì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bọ́ sí àárín, níbi tí Kleiber rí wọn. Lójú tèmi, àlàyé yìí ló dùn jù nínú gbogbo èyí tí mo ti kà, nítorí pé ó fi àyè gba ìran kọ̀ọ̀kan láti yàtọ̀, ó sì bá ohun tí mò ń rí lábẹ́ máíkírósíkópù mu ju àlàyé tó fẹ́ kí gbogbo ẹran tẹ̀ lé nọ́ńbà kan lọ.

Àyẹ̀wò tó wá fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ dé ní 2023 láti Berkeley, ní Califọ́níà. Clotilde Cadart, Rebecca Heald àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ mú ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ Xenopus, wọ́n sì mú kí àwọn kan ní ìdì àbùdá mẹ́ta dípò méjì. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ru àbùdá púpọ̀ máa ń tóbi. Àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ náà kò tóbi ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Sẹ́ẹ̀lì wọn ló tóbi, tí iye rẹ̀ sì dín kù. Ìwọ̀n ara kan náà, ẹ̀yà kan náà, omi kan náà. Síbẹ̀ wọ́n ń jó oúnjẹ kéré ju àwọn yòókù lọ, àwọn olùwádìí náà sì tọpa ìyàtọ̀ náà lọ sí awọ sẹ́ẹ̀lì tó dín kù àti gbígbọ́n sódíọ̀mù tó dín kù. Ẹ kò lè rí irú àfiwé yìí láàárín eku àti erin, nítorí ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ti pọ̀ jù.

Kì í sì í ṣe bí awọ náà ṣe fẹ̀ tó nìkan. Anthony Hulbert àti Paul Else ní Ọsirélíà fi hàn pé ọ̀rá tí wọ́n fi ṣe awọ sẹ́ẹ̀lì ẹran kékeré yàtọ̀ sí ti ẹran ńlá: ti kékeré kún fún irú ọ̀rá tí kì í dì, bíi èyí tó wà nínú epo ẹja, awọ bẹ́ẹ̀ sì ń mú kí àwọn ẹ̀rọ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ kíákíá. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tí Porter àti Brand yọ láti ara àwọn ẹran, láti eku dé ẹṣin, ní 1995 náà ń mí bẹ́ẹ̀: ti ẹran kékeré ń lo ọ́síjìn ju ti ńlá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti kúrò nínú ara tó ni wọ́n.

Nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́, ibi tí èyí ti ń bọ́ sí ọwọ́ wa ni ọ̀rọ̀ oògùn aràn. Èèyàn á wọlé, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, oògùn àgùntàn ló wà nílé, ṣé kí n fi iye kan náà fún ewúrẹ́, ṣebí kílò wọn dọ́gba?" Kílò wọn lè dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara ewúrẹ́ ń pa ọ̀pọ̀ oògùn aràn run kíákíá ju ti àgùntàn lọ. Nítorí náà àwọn dókítà ẹran sábà máa ń fún ewúrẹ́ ní ìlọ́po méjì ti àgùntàn nínú àwọn oògùn bíi albendazole, àti ìlọ́po kan àbọ̀ péré nínú levamisole, nítorí èyí kò jìnnà sí ibi tó ti ń di májèlé. Ìdàkejì rẹ̀ ni ológbò. Ó kéré, ó ń jó oúnjẹ kíákíá, ẹ lè rò pé ó lè fara da oògùn ju ajá lọ. Àmọ́ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní ohun tó fi ń tú parasitámọ́ọ̀lù palẹ̀ dáadáa, hóró kan lè pa á. Ìwọ̀n ara ò ràn án lọ́wọ́ rárá.

Ní láàbù wa, lórí fọ́ọ̀mù tí a ń kọ, irú ẹran ló wà lókè pátápátá, ọjọ́ orí tẹ̀ lé e, kílò wá kẹ́yìn. Àwọn tó ń bọ̀ sábà máa ń fẹ́ kọ kílò kọ́kọ́, torí òun ni wọ́n fi ń ta ẹran lọ́jà. Mo máa ń ní kí wọ́n padà sókè ná.